Nọ́ńbà Àpọ́n Tó Fẹ́ẹ́ Lé Màmá Kúrò Nílé

Àpò aṣọ Màmá ti wà nínú búùtù. Bọ̀dá Àgbà, àkọ́bí wọn, ti yí imú mọ́tò sójú títì, ó wá jókòó sórí àga onírọ́bà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ gbá orúnkún ara ẹ̀. Èmi àti Àǹtí, àbúrò ẹ̀ obìnrin, wà nínú ilé, a na okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan sórí tábìlì, a ń kà á. Tí ohun tá a bá kà bá jọ nǹkan gidi, Màmá ò lọ síbì kankan. Tí kò bá jọ nǹkan kan, wọ́n ti lọ nìyẹn, ẹlòmíì ti gba ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ẹ gbọ́ o, èmi kì í ṣe ojo. Mo ti lé olè fóònù wọ kọ̀rọ̀ rí tó fi jẹ́ pé òun ló ń bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ìlẹ̀kẹ̀ lásán ló ń dẹ́rù bà mí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí Màmá jẹ́ fún yín, kó lè yé yín bí nọ́ńbà ṣe lè da odidi ilé rú.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù wọn àti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe, ògiri kan ló wà láàárín wa, ògiri ọ̀hún ò sì nípọn, gbogbo àṣírí mi pátá ni wọ́n mọ̀. Àpò onílẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń ṣe: àpò ọwọ́, pọ́ọ̀sì, bẹ́líìtì. Àwọn tó kù tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí á kọ́kọ́ ya ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sórí bébà. Màmá ò ya nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ kan, okùn kan, àwo ìlẹ̀kẹ̀ bíi mélòó kan níwájú wọn, wọ́n á máa sín in: funfun, funfun, funfun, pupa kan, funfun, dúdú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, orí okùn kan náà ni. Tẹ́ ẹ bá wo okùn yẹn, ẹ máa ní ẹni tó sín in ń sùn lọ ni. Ó dìgbà tí wọ́n bá sín in tán kí wọ́n tó ká a bí ẹni tó ń kọ ebè: wọ́n á lọ, wọ́n á ṣẹ́rí padà, wọ́n á tún lọ, ìlà lórí ìlà. Wọ́n á wá rán ìlà mọ́ ìlà. Ìgbà yẹn lẹ máa rí ẹja tó ń wò yín lójú kòró.

Nítorí náà, iye ìlẹ̀kẹ̀ ni gbogbo nǹkan. Ká ní ogójì ló yẹ kó wà lórí ìlà kan, tẹ́ ẹ wá fi mọ́kànlélógójì ká a, ìrù ẹja ti wọ ẹnu ẹja nìyẹn. Màmá kì í fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ àfi tí wọ́n bá ti mú nọ́ńbà tí gbogbo ẹ̀ máa jẹ́. Wọ́n sì mọ nọ́ńbà bí àwọn kan ṣe mọ ọ̀rọ̀ ilé onílé.

"Àpọ́n ni 13," wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa sín ìlẹ̀kẹ̀ wọn lọ. "Tò ó bó o ṣe fẹ́, ìlà kan gbọọrọ ló máa jẹ́. O ò lè fi ṣe àpò. Ẹ̀gbà ọrùn ló mọ."

"12 ńkọ́, Màmá?"

"Háà! Ilé olórogún nìyẹn. Méjì àti mẹ́fà ń fà á, mẹ́ta àti mẹ́rin ń fà á. Kò mọ yàrá tó máa sùn."

25 ni wọ́n ń pè ní ìbejì, torí márùn-ún àti márùn-ún ni. 28 ni olóòótọ́. Wọ́n ní ẹ kó gbogbo nọ́ńbà tó lè pín in dọ́gba jọ, ẹ yọ òun fúnra ẹ̀ sílẹ̀: 1, 2, 4, 7, 14. Ẹ rò ó pọ̀, 28 gẹ́lẹ́ ló máa padà fún yín. Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún 12, 16 ló máa jáde, aláṣejù. 10 á fún yín ní 8, ahun burúkú. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nínú ìdílé wa, bí àwọn ọmọ ẹlòmíì ṣe mọ orin.

Ọjọ́ kan mo wá fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Màmá, 1 náà ńkọ́? Àpọ́n lòun náà àbí?"

"Ta ló sọ fún ẹ? Ọmọ ọwọ́ ni 1. Wọ́n kì í pe ọmọ ọwọ́ ní àpọ́n." Wọ́n yọ dígí ojú wọn, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Àmọ́ ìwọ yìí, ìwọ ni 17 àdúgbò wa. Gbogbo ẹni tó wá, kò sí èyí tó bá ẹ mu."

Àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín mi títí tí mo fi padà sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Èyí tí Màmá fẹ́ràn jù ni wọ́n ń pè ní ọkọ-kan-aya-kan. Irú bíi 35: márùn-ún àti méje, ó parí, kò sí ẹlòmíì lóde. Irú ẹ̀ ni wọ́n máa ń wá, tí wọ́n á sì fẹ́ kó tóbi. Wọ́n ní tí òun bá tiẹ̀ gbàgbé iye tó yẹ kó wà lórí ìlà kan, òun á ka gbogbo ẹ̀, nọ́ńbà fúnra ẹ̀ á sì jẹ́wọ́, torí ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Wọ́n tún ní kí n ṣọ́ra fún nọ́ńbà ńlá, pé wọ́n máa ń díbọ́n. "Wo 91. Gbogbo èèyàn ń pè é ní àpọ́n. Irọ́ ni. 7 àti 13 wà nínú yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí ni."

Bí Màmá ṣe wà nìyẹn kí àìsàn tó dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́, ọwọ́ ọ̀tún wọn kàn jábọ́. Ẹnu wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ṣubú lulẹ̀. Rọpárọsẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi máa ti ọsibítù dé, wọ́n ti lè rìn díẹ̀díẹ̀, ohùn wọn sì ti padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń jáde lódì. Omi ni wọ́n fẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ fún mi ní bàtà." Wọ́n fẹ́ kí a yí fáànù sí wọn lára, wọ́n á ní ká gbé àkàbà wá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé etí wọn ń gbọ́ ohun tí ẹnu wọn ń sọ. Ojú wọn á pọ́n, wọ́n á fọwọ́ òsì gbá itan wọn. A kọ́kọ́ máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó yá, a ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Dókítà ní ọ̀rọ̀ wọn lè padà, ó sì lè má padà, ká máa wò ó ná. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kéèyàn sùn.

Bọ̀dá Àgbà lọmọ wọn àkọ́kọ́. Ìlú mìíràn ló wà, ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ẹ má ro pé èèyàn burúkú ni o. Ìgbà tó kọ́kọ́ wá wò wọ́n, Màmá wò ó lójú tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n ṣí ẹnu láti pe orúkọ ẹ̀, wọ́n pè é ní "Ṣíbí." Ọkùnrin yẹn jáde, ó lọ jókòó sínú mọ́tò, mo rí i tó ń sunkún láti ojú fèrèsé mi. Nígbà tó padà wọlé, ó ti pinnu. Ó ní orí Màmá ti lọ, pé òun máa mú wọn lọ sílé òun, ìyàwó òun á máa tọ́jú wọn, ẹlòmíì á sì gba ṣọ́ọ̀bù.

Àǹtí ni àbúrò ẹ̀, òun àti Màmá ni wọ́n jọ ń gbé, irun ló ń ṣe. Àǹtí ò gbà.

"Bọ̀dá, orí wọn pé. Ẹnu ni ò pé."

"Ìwọ lo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ọṣẹ po tíì?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré nìyẹn!"

"Mélòó lo fẹ́ kó jẹ́ kó o tó pè mí? Àbí ìgbà tí wọ́n bá ti mu ún tán?"

 Ohun kan ṣoṣo tí Àǹtí rí sọ ni okùn ìlẹ̀kẹ̀. Láti ìgbà tí Màmá ti ti ọsibítù dé ni wọ́n ti ń sín in. Wọ́n á gún abẹ́rẹ́ mọ́ fóòmù kan kó lè dúró, wọ́n á máa fi ọwọ́ òsì mú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọ̀ ọ́ sí i, wọ́n á tì í wọ okùn. Ó máa ń já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á tún mú òmíràn. Bọ̀dá Àgbà ní eré ọmọdé ni, pé ó ti mọ́ wọn lọ́wọ́ ni, kì í ṣe ọpọlọ ló ń ṣe é. Àǹtí ní iṣẹ́ ni. Wọ́n fà á títí tí Bọ̀dá fi fìbínú sọ̀rọ̀.

"Ó dáa. Lọ́jọ́ tí mo bá gbé mọ́tò wá, kí okùn yẹn ti parí. Ẹ ká a fún mi kí n rí i. Tí nǹkan bá wà níbẹ̀, mo fi Màmá sílẹ̀. Tí kò bá sí, kí ẹnikẹ́ni má dá mi dúró."

Ọjọ́ náà la wà yìí o.

Àǹtí ló ń kà, èmi ń fi ìdérí ìgò kan sílẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan. Màmá jókòó lórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ń wò wá. Mo rò pé kò ní pẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú kí ẹ ka ìlẹ̀kẹ̀ tí kò tó orí ìṣáná, kí ẹnì kan sì máa gbá kọ́kọ́rọ́ mọ́ orúnkún lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó parí, ó jẹ́ 1,741. A tún un kà láti ẹ̀yìn wá síwájú. 1,741.

"Pín in," Àǹtí sọ.

Mo ṣí ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù mi. Méjì ò lè pín in, ìdí ẹ̀ ò dọ́gba. Mẹ́ta kọ̀. Méje kọ̀. 11, 13, 17, wọ́n kọ̀. Mo ń ti nọ́ńbà kan bọ́ sí òmíràn, gbogbo wọn ń fi èérún sílẹ̀. 29 fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, kò gbà. 37 fún mi ní 47 àti èérún, mo kọjá lọ. 41 kọ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

"Kí ló dé tó o dúró?"

"Ó ti tán, Àǹtí. 42 lọ́nà 42 ti ju nọ́ńbà yìí lọ. Tí ńlá kankan bá máa wọ inú ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mú kékeré kan dání, mo sì ti gbìyànjú gbogbo kékeré. Àpọ́n ni."

Àǹtí dì mọ́ etí tábìlì.  Ó ní kí n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti dákẹ́.

Bọ̀dá Àgbà wọlé. "Nọ́ńbà wo ni?"

 Ó wo ojú fóònù mi fúnra ẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, torí kò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé fún un. Ọmọ Màmá ni. Ọwọ́ Màmá lòun náà ti mọ àpọ́n, ó ti mọ olórogún, kó tó mọ ABD.

"Màmá ò sín àpọ́n fún àpò rí láyé wọn," ó sọ, ohùn ẹ̀ kéré. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi. "Ó ti tó. Ẹ jẹ́ ká lọ kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Ẹ dúró!" Àǹtí ti ń tẹ́ táwẹ̀lì sórí tábìlì, ó ń wá píìnì. "Bóyá ẹyọ kan ló lé. Ìwọ, yọ ẹyọ kan, kí ló kù?"

"1,740."

"Ṣé ìyẹn pín?"

Ó pín àpínjù! Ilé olórogún tó lórúkọ ni 1,740, ó ju èyíkéyìí tí mo ti rí lọ. 29 lọ́nà 60 wà níbẹ̀, 30 lọ́nà 58 wà níbẹ̀, 20, 15, 12, gbogbo wọn ló ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. A ká a ní ọgọ́ta-ọgọ́ta, àwọ̀ kàn fọ́n káàkiri bí ẹni tó da ìrẹsì nù. A tú u. A ká a ní ọgbọ̀n-ọgbọ̀n. Àǹtí tẹ orí ba, ó na ìka sí ibì kan.

"Ẹ wò ó, ṣé kò jọ ìgò? Àbí... àbí àga?"

"Nínú èyí tó ń pín lọ́nà púpọ̀ báyìí," Bọ̀dá sọ, "tó o bá wá èmi gan-an, wàá rí mi níbẹ̀. Àbúrò mi, jọ̀ọ́."

Òógùn ń ṣàn wọ ojú mi. Kì í ṣe torí àga tàbí ìgò. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé èmi náà ti ń gbà pẹ̀lú Bọ̀dá nínú ọkàn mi. Mo wo Màmá, mo ń ronú pé bóyá lóòótọ́ ni, bóyá ọwọ́ lásán ló ń ṣe gbogbo ohun tí a ń rí yìí, tí ẹni tó ni ín sì ti lọ.

Ni Màmá bá dìde.

"Bàtà," wọ́n sọ. "Bàtà! Bàtà!" Wọ́n di ògiri mú, wọ́n wọ́ ẹsẹ̀ dé ìdí tábìlì, wọ́n na ọwọ́ òsì, wọ́n já orí okùn náà gbà, wọ́n fi èékánná mú ìlẹ̀kẹ̀ tó kángun, wọ́n ń fà á.

Àǹtí figbe ta. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ máa tú gbogbo ẹ̀ ni!" Ó di ọwọ́ wọn mú.

"Ṣé ẹ rí i?" Bọ̀dá yíjú kúrò. "Wọ́n fẹ́ tú u fúnra wọn. Kí lẹ tún fẹ́ rí?"

Màmá gbá ọwọ́ Àǹtí dànù, pàá! Wọ́n tún mú ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Èmi ló sún mọ́ wọn jù. Mo wá rí i pé bí wọ́n ṣe ń fà á tó, kò rìn. Àwọn tó kù ń yọ̀ lórí okùn, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Èyí dúró gbọn-in. Mo tẹ orí mọ́lẹ̀ dáadáa. Okùn gba inú ẹ̀ kọjá, ó yí po, ó tún gba inú ẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kejì.

Mo fọwọ́ gbá iwájú orí mi. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó ti oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ fún ọjọ́ kan máa mọ̀ ọ́n. Kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í sín in, á kọ́kọ́ so ìlẹ̀kẹ̀ kan mọ́ ìdí okùn, kí àwọn tó kù má bàa yọ́ dànù. Tó bá parí, á so òmíràn mọ́ orí ẹ̀. Adènà ni wọ́n ń pè é. Kò sí lára iṣẹ́. Tí ìrán bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á jù ú padà sínú àwo.

"Adènà ni!" mo pariwo. "Àǹtí, adènà la kà mọ́ ọn! A ka ọlọ́dẹ mọ́ ara onílé!"

Àǹtí sáré sí ìdí okùn lódìkejì. Òun náà fà á. Kò rìn. Ọlọ́dẹ méjì.

1,741, ẹ yọ méjì. 1,739. Mo rántí 37 tó fún mi ní 47 àti èérún lẹ́ẹ̀kan. Àṣé àwọn méjì tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni èérún ọ̀hún. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, ìka mi ń yọ̀ kúrò lórí gíláàsì. 37. Ó jáde: 47, kò sí èérún. Nọ́ńbà mìíràn kankan ò sì tún wọ inú ẹ̀, mo dán gbogbo wọn wò.

"Ọkọ kan," mo sọ.

"Aya kan," Bọ̀dá dáhùn kó tó mọ̀ pé òun dáhùn.

A dá Màmá padà sórí àga. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín o, torí pé nọ́ńbà dáa kò sọ pé àwòrán wà. A kọ́kọ́ fi mẹ́tàdínlógójì ká a. Àwọ̀ ń já gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti òkè ọ̀tún wá sí ìsàlẹ̀ òsì, kò mórí, kò nídìí.  Bọ̀dá dúró lẹ́yìn wa, mo ń gbọ́ èémí ẹ̀.

"Ó ku mẹ́tàdínláàádọ́ta," Àǹtí sọ. "Tí kò bá sí níbẹ̀, kò sí níbì kankan."

A tún bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan, ó fi píìnì gún un. A ṣẹ́rí, ìlà kejì. Ìlà kẹta. Pálapàla ni. Funfun tó yẹ kó wà pa pọ̀, pupa há sí àárín ẹ̀. Dúdú kan wà níhìn-ín tí kò ní ará, kò ní ọ̀rẹ́. Ìlà kẹfà, ìlà keje, pálapàla. Àǹtí ti ń fi eyín jẹ ètè. Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan roboto kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bí ìdí ìkòkò. Mo rò pé ojú ló ń tàn mí. Ó ń fẹ̀ sí i. Apá wà níbẹ̀, ìrù wà níbẹ̀, ìyẹ́ tò lórí ara wọn dúdú-pupa, dúdú-pupa. Ọrùn. Ojú kan, ẹyọ dúdú kan ṣoṣo láàárín funfun. Àgógó. Ogbe pupa lórí.

"Adìẹ!" Àǹtí fọwọ́ bo ẹnu. "Adìẹ ni! Tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi yẹn! Ó ní kí wọ́n ṣe pọ́ọ̀sì aládìẹ fún òun, kí Màmá tó ṣubú! Èmi gan-an ti gbàgbé!"

Èmi náà ti gbàgbé. Gbogbo wa pátá. Màmá ò gbàgbé.

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Mo ti fẹ́ pariwo gan-an kí n tó rí ojú Bọ̀dá. Kò wo orí adìẹ. Ìsàlẹ̀ ló ń wò, àwọn ìlà tí a kọ́kọ́ gún.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ dà?" ó béèrè.

A wò ó. Kò sí ẹsẹ̀. Ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà ni gbogbo pálapàla yẹn wà.

"Orí mọ́ kedere, ẹsẹ̀ ti dàrú," ó sọ díẹ̀díẹ̀. "Ó túmọ̀ sí pé orí pé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ ló ń bàjẹ́. Ibi tí wọ́n parí sí rèé, lọ́sẹ̀ yìí. Oṣù tó ń bọ̀ ńkọ́? Ta ló máa wà nílé pẹ̀lú wọn nígbà náà, tíwọ bá lọ ṣe irun fún èèyàn?"

Àǹtí jókòó wọ̀ọ́. Kò sí ohun tó le tó ìyẹn. Àpọ́n tiẹ̀ sàn, torí àpọ́n ò sọ nǹkan kan. Èyí ń sọ̀rọ̀, ohun tó sì ń sọ ni pé Màmá ń lọ díẹ̀díẹ̀, ìlà sí ìlà.

Mo wo adìẹ yẹn lókè, mo wò ó nísàlẹ̀. Orí mi ń gbóná. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé òkè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ibo lèèyàn tún ti máa ń bẹ̀rẹ̀?"

 Mo kọjá sí kọ́bọ́ọ̀dù ibi tí àwọn iṣẹ́ àìparí wà, àwọn tó wà lórí abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí Màmá ṣubú. Mo fa ọ̀kan jáde, igi wà lára ẹ̀: gbòǹgbò àti ìdí igi, kò ní ẹ̀ka, kò ní ewé, okùn ìlẹ̀kẹ̀ tí wọn ò tíì rán kàn so kọ́ níbẹ̀. Mo fa òmíràn. Ilé ni, ó ní ilẹ̀kùn, ó ní fèrèsé, kò ní òrùlé. Mo tò wọ́n síwájú Bọ̀dá.

"Ìdí àpò ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe sín in náà ni wọ́n ń rán an," mo sọ. "Ìdí ló máa di nǹkan mú. Àbí ẹnu ni kí wọ́n kọ́kọ́ rán?"

Ó gba ilé aláìlórùlé yẹn lọ́wọ́ mi, ó yí i po, ó kì ọwọ́ bọ inú ẹ̀ dé ìsàlẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ ra ẹ̀yà mọ́tò lọ́wọ́ ẹni tí kò fọkàn tán. Ó yẹ igi náà wò. Ó padà sí adìẹ.

"Nítorí náà, ẹsẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti ọsibítù dé," Àǹtí sọ, ó ti dìde. "Orí ni àná, Bọ̀dá. Orí ni àná!"

Bọ̀dá Àgbà lọ kúnlẹ̀ níwájú àga Màmá. Ó gbé táwẹ̀lì náà sórí itan wọn tàdìẹ-tàdìẹ. Ó fi ìka kan ìsàlẹ̀. "Màmá mi, ṣé ibí lẹ ti bẹ̀rẹ̀?"

Màmá wo ibẹ̀. Wọ́n pòṣé, pòṣé gígùn, irú èyí tí wọ́n máa ń pa fún oníbàárà tó bá ní kí wọ́n fi kún un díẹ̀. Wọ́n sọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò jọ ara wọn, "àkàbà" wà níbẹ̀, "òjò" wà níbẹ̀. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n wá na ọwọ́ òsì, wọ́n fa píìnì àkọ́kọ́ yọ. Wọ́n fa ìkejì. Wọ́n tú adènà ìdí okùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jù wọ́n sínú àwo, funfun sí funfun, pupa sí pupa. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ikùn adìẹ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n dúró. Wọn ò yọ ẹyọ kan kọjá ibẹ̀. Wọ́n na abẹ́rẹ́ sí Bọ̀dá kó bá wọn ti okùn bọ̀ ọ́.

Ó gbà á. Ojú ihò abẹ́rẹ́ kéré, omi sì wà lójú ẹ̀, ó ń tàsé. Ó tàsé títí tí Màmá fi gbá a lórí.

Nígbà tó ti okùn bọ̀ ọ́ tán, ó jáde. Mo gbọ́ tí búùtù ṣí. Ọkàn mi ò balẹ̀, mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbé àpò aṣọ jáde, ó gbé e wọlé, àmọ́ kò gbé e dé yàrá. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tó máa rọrùn láti tún gbé e.

"Màá wá lópin oṣù," ó sọ fún Àǹtí. "Kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn kí n tó dé. Màá kà á fúnra mi. Kí ẹ sì gbé ọṣẹ kúrò nítòsí tíì."

"A ti gbọ́, Bọ̀dá."

"Mo sọ pé màá kà á o."

Mọ́tò ẹ̀ pẹ́ lójú títì kó tó kúrò. Inú ilé, Màmá ti wọ ìlẹ̀kẹ̀ funfun àkọ́kọ́ sókùn, ó já bọ́, wọ́n ń wá òmíràn. Àǹtí ò dúró wò ó. Ó gbé àpò yẹn wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, mo sì ń gbọ́ ọ tó ń kó aṣọ Màmá padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù kíákíá, bí ẹni pé ẹnì kan máa já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀.